Ẹ má kó àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì wa dà sí àbàtà

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi tọ́ ọmọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, Àgùdà sì ni mí láti ilé bàbá mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn Mísà, wọ́n fi àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tuntun àdúgbò wa hàn wá. Dígí ni láti òkè dé ilẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n á wó o, wọ́n á kó àlàpà rẹ̀ dà sí àbàtà létí ọ̀sà.

Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló fi ilé àdúrà Ronchamp hàn mí lórí fóònù. Orí òkè kan nílẹ̀ Faransé ló wà. Ogun ba ti àtijọ́ jẹ́ ní 1944. Le Corbusier, ayàwòrán ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, kò da òkúta àlàpà yẹn nù, inú ògiri tuntun ló kó o sí. Ní 1955 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Ẹni tó bá rí i á ní ilé ọ̀la ni, àṣé egungun àná ń bẹ nínú rẹ̀.

Ògiri ibẹ̀ ló wù mí jù. Èyí tó kọjú sí gúúsù nípọn débi pé èèyàn lè na gbalaja sínú rẹ̀. Fèrèsé ibẹ̀, òmíràn kéré lóde, ó fẹ̀ nínú, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa yọ́ wọlé. Òrùlé kánkéré, tó jẹ́ pé èèpo akàn tí Le Corbusier he ló rí tó fi yà á, kò jókòó lé ògiri: òpó tó fara sin sínú ògiri ló gbé e, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín. Bójò bá rọ̀, ojú kan ni omi ń gbà dà sínú agbada ńlá nísàlẹ̀, torí omi wọ́n lókè ọ̀hún. Ìyá mi tó ń gbe ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ò kúkú lọ ilé ìwé kankan.

N kò ní kí wọ́n má kọ́ tuntun. Àwọn tó ti Brasil dé kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú yìí bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dára. Ṣùgbọ́n dígí nínú oòrùn oṣù kẹta wa?

Mo fọwọ́ kan ògiri àtijọ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tútù ló tutù. Lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí, ipa ìka àwọn tó mọ bíríkì amọ̀ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀kan kéré, bóyá ti ọmọdé.

Mo ṣetán láti yọ àwọn bíríkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n ṣáà sọ ọjọ́ tí katapílà ń bọ̀ fún mi.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bíríkìlà kan, Àjàṣẹ́