Ẹja abìlà àti kíndìnrín wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí ẹja abìlà tí wọ́n ń pè ní zebrafish, tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì fi ń ṣèwádìí kíndìnrín. Ọmọ rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí. Nínú rẹ̀ lèèyàn ti lè rí asẹ́ kan ṣoṣo àti ọ̀pá tín-ín-rín méjì tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, nígbà tó jẹ́ pé asẹ́ inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tiwa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Bí oògùn bá ba asẹ́ kíndìnrín àgbà ẹja náà jẹ́, ó ń hu òmíràn, èyí tí tèèyàn kì í ṣe lẹ́yìn ìbí.

Ẹ má rò pé kò kàn wá o. Ìyípadà kan wà nínú àbùdá (jíìnì) kan tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa Yorùbá, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ewu àìsàn kíndìnrín pọ̀ fún jù. Àwọn olùwádìí ti fi àbùdá yìí ti èèyàn sí ẹja náà lára, kí wọ́n lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo rọ̀ yín kí ẹ máa ròyìn irú ìwádìí báyìí, nítorí ìròyìn kíndìnrín tí à ń kà kò ju ti ẹni tó ń tọrọ owó ìfọ̀jẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan.