Ẹ máa kọ owó iṣẹ́ sínú ápù o
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yòówù tá a bá gbà, fídíò ni o, fọ́tò ni o, ẹ ṣí nọ́ńbà iṣẹ́ fún un nínú ápù ká tó náwó kankan, kẹ́ ẹ sì fi bọ́jẹ́ẹ̀tì tí kọ́sítọ́mà fọwọ́ sí síbẹ̀. Iye tẹ́ ẹ bá bá oníkámẹ́rà fẹnu kò sí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má dúró de rìsíìtì. Ibi tó ń dùn mí jù ni wákàtí ẹ́díìtì, kọ́sítọ́mà á ní ká tún un ṣe, ká tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní kọ ọ́, owó á ti tán ká tó mọ̀. Ẹ kọ wákàtí yín lójoojúmọ́. Tí iṣẹ́ bá ti jẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì dé 75%, ẹ tètè sọ, ká lè bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀.