Líǹkì PDF tó ń wá Desktop ẹlòmíì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, ó ti sú mi. Iṣẹ́ tèmi níbí ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ni kí n máa to ìwé ìlò ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin kan tó ń tún pọ́ńpù omi ṣe ní Lafẹ́nwá gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá bá mi lóṣù tó kọjá, iléeṣẹ́ kan ló fún un ní PDF mẹ́ta, ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe ń lo pọ́ńpù, ọ̀kan fún àtúnṣe, ọ̀kan fún pátì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ara pọ́ńpù. Ìwé àtúnṣe ní kó lọ wo síìlì, ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò, nínú ìwé pátì, wọ́n sì fi búlúù kọ ọ́, wọ́n fàlà sí i nídìí, ó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé láptọ́ọ̀pù mi ni ò dáa ni?" Mo wo ìdí líǹkì, kí ni mo rí? C:\Users, orúkọ ẹni tó ṣe ìwé, Desktop, àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà ẹni yẹn ni. Ta ló fẹ́ bá a wá Desktop oníyẹn dé Lafẹ́nwá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú ìwé yìí, ẹ kó gbogbo fáìlì sínú fódà kan ná kẹ́ ẹ tó fi líǹkì sí i, kó jẹ́ orúkọ fáìlì nìkan ló máa wà nídìí ẹ̀, ibi yòówù tí wọ́n bá gbé fódà yẹn lọ wọ́n á ṣì jọ mọ ara wọn. Ẹni tó bá ń fi LibreOffice kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, "Export URLs relative to file system" wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di PDF, ẹ máàkì ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ lẹ́tà ńlá o, Pati.pdf àti pati.pdf, ọ̀kan náà ni lójú Windows, ṣùgbọ́n lórí sáfà Linux, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó fáìlì sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn ò mọra rí.

Ti nọ́ńbà ojú ìwé, èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Mo darí líǹkì sí ojú ìwé 14, wọ́n wá fi ojú ìwé méjì kún iwájú, ẹni tó ń wá síìlì bá ara ẹ̀ níbi ìkìlọ̀ iná mànàmáná. Ẹ fún ibẹ̀ lórúkọ, named destination ni wọ́n ń pè é, bí ojú ìwé bá sún, orúkọ á bá a sún. Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó wà nínú ìlànà PDF tí ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún gbogbo ayé, ti gbà látọdún 2008.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi WhatsApp ráńṣẹ́ ní fáìlì kọ̀ọ̀kan, fódà ti túká nìyẹn, ẹ dì í pọ̀ di fáìlì kan ṣoṣo, zip ni wọ́n ń pè é, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ìwé àti ìsọ̀rí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ líǹkì, kẹ́ni tí líǹkì bá já kulẹ̀ lè rí ibi tó máa fojú wá.

Ọmọkùnrin Lafẹ́nwá yẹn rí síìlì ẹ̀ ṣá, ojú ìwé 31, ọwọ́ la fi ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Atowé kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta