Kí A Máa Dárúkọ Kelley Pẹ̀lú Ọ̀gá Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí èdè àti ìtàn wa. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ìtàn kan láti inú Ogun Àgbáyé Kejì, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu oníwàásù, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu olùkọ́, tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìwà aṣáájú sì fẹ́ràn láti máa sọ, ìyẹn ìtàn Howard Gilmore, ọ̀gá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Growler. Ìtàn náà dára, òtítọ́ sì ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ènìyàn mẹ́ta ni ogun mú lọ lórí ọkọ̀ náà lóru ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni a sì máa ń dárúkọ.

Òru ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 1943 ni, ní agbami àwọn erékùṣù Bismarck tó wà lẹ́bàá New Guinea. Lákòókò náà, ọkọ̀ abẹ́ omi kì í lè pẹ́ nísàlẹ̀ bí ti òde òní. Bátìrì ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lábẹ́ omi, bátìrì náà sì ń tán, nítorí náà ó di dandan kí ọkọ̀ jáde sójú omi lóru, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, kí bátìrì lè gba agbára padà, kí atẹ́gùn tútù sì wọlé. Níbi tí ọkọ̀ bá ti wà lójú omi báyìí, àwọn olùṣọ́ ni ojú gbogbo ará ọkọ̀. Wọ́n á dúró lókè nínú òkùnkùn, awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni yóò wà lójú wọn, kálukú yóò sì máa wo apá òkun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pariwo pé kí ọkọ̀ wọ omi, ihò tóóró kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò gbà já sísàlẹ̀ lórí àkàbà, kí omi tó dé ẹnu rẹ̀.

Lóru ọjọ́ tí mo ń wí yìí, Growler ń dọdẹ ọkọ̀ akẹ́rù Japan kan tó ń jẹ́ Hayasaki, àwọn ti Japan sì rí i. Wọ́n yí imú ọkọ̀ wọn padà láti kọ lù ú. Kí Growler tó yà, ọkọ̀ méjèèjì ti pàdé. Growler ló forí sọ Hayasaki lẹ́gbẹ̀ẹ́, eré burúkú ló sì bá lọ, débi pé ẹsẹ̀ bàtà 18 níwájú ọkọ̀ náà ló ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ti Japan wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn arọ̀jò-ọta lù wọ́n láti ibi tí kò jìnnà rárá. Gilmore pàṣẹ kí gbogbo ẹni tó wà lókè sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó lè rìn sọ̀kalẹ̀, wọ́n fa àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ọta ti ba Gilmore fúnra rẹ̀, kò sì lè dé ẹnu ihò náà. Ó ké sí wọn pé kí wọ́n mú ọkọ̀ wọ omi. Schade, igbákejì rẹ̀, dúró díẹ̀ pẹ̀lú ọkàn gbígbọgbẹ́, lẹ́yìn náà ó ti ìlẹ̀kùn, ọkọ̀ sì wọ omi. Nígbà tí wọ́n tún jáde sókè, òkun nìkan ni wọ́n bá. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Brisbane ní Ọsirélíà.

Ibí ni ìtàn máa ń parí sí lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀. A óò fi kún un pé ìjọba Amẹ́ríkà fún Gilmore ní Medal of Honor, tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún ológun wọn, àti pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ńlá kan. Àwọn méjì tó kù ńkọ́? Ọ̀kan ni William Wadsworth Williams, tó wà ní ipò tí ọ̀gá ológun ojú omi fi ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni Wilbert Kelley, olùṣọ́, tí ipò rẹ̀ jẹ́ èyí tó kéré jù láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ ká ro èyí wò: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú ooru àti ariwo ẹ́ńjìnnì, òun ni ìṣọ́ kàn lókè lóru ọjọ́ yẹn, nítorí pé tọ̀gá tọmọṣẹ́ ni wọ́n ń pín ìṣọ́ fún. Ọta ìbọn bá òun àti Williams níbi tí wọ́n dúró sí.

Àwọn baba wa ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Èmi kò bu Gilmore kù o. Ọmọ 40 ọdún ni, ó ráyè sọ̀rọ̀ kó tó kú, ọ̀rọ̀ náà sì gba ẹ̀mí gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ là. Ṣùgbọ́n Kelley kò ráyè sọ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí ìtàn fi ń fò ó, èmi sì rí i pé àìdáa ni, nítorí ojú rẹ̀ tó fi ń ṣọ́ òkun fún gbogbo wọn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹ̀mí tó sì sọnù níbẹ̀ kò kéré sí ti ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú Kelley ló wà. Ọkọ̀ abẹ́ omi 52 ni Amẹ́ríkà pàdánù nínú ogun náà, àwọn ọkùnrin tó bá wọn lọ sì lé ní 3,500, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ẹni ọdún 25. Growler fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Oṣù Kọkànlá ọdún 1944 ló lọ tí kò padà, òun àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Títí dòní, àwọn ológun abẹ́ omi tó ti fẹ̀yìn tì máa ń péjọ láti ka orúkọ àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n á sì lu agogo lẹ́ẹ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti Grunion, tó sọnù lọ́dún 1942 nítòsí erékùṣù Kiska ní Alaska pẹ̀lú ènìyàn 70. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí Abele, ọ̀gá ọkọ̀ náà, fi sílẹ̀ sáyé ló náwó nára láti wá a, wọ́n sì rí i lọ́dún 2006. Wọn ò dúró lórí ti baba wọn nìkan. Àwọn obìnrin kan yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì wá ìdílé àwọn 70 náà rí, tó fi mọ́ ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò fi aya tàbí ọmọ sílẹ̀. A máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Àwọn ẹbí wọ̀nyí gbé pẹ̀lú ọmọ tó nù fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Bí òǹkàwé kan bá ní ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kí ó rántí pé lóṣù Karùn-ún ọdún 1941, U-69, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, ri àdó olóró sí ẹnu òkun Èkó, ọ̀kan nínú wọn sì ri ọkọ̀ Robert Hughes tó ń gbẹ́ yanrìn níbẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, nígbàkigbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ ìtàn Gilmore jáde, pàápàá bí oṣù Kejì bá dé, kí ẹ fi orúkọ Williams àti Kelley sí i. Mo bẹ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù tó ń ka ìwé yín bákan náà. Bí àyè kò bá gba púpọ̀, ìlà kan péré tó fún orúkọ méjèèjì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.