Àkànní, ṣé o mu omi yẹn?

Àkànní ọkọ mi,

Mo kí ẹ o. Ara mi le, ara bàbá ẹ náà le, àfi orúnkún ẹ̀ tó máa ń dùn ún tí òjò bá ti fẹ́ rọ̀. Ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò tún ti jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé. Àbúrò ẹ ti ṣe JAMB, ó ní ó dáa, à ń retí. Ó tán. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún lo fi dákẹ́. Mo kà á. Kò sí pé ‘Màmá ẹ káàárọ̀’, kò sí pé ‘ṣé ẹ jẹun’, kò sí nǹkan kan. Àfi lọ́jọ́ Àìkú tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ìwọ náà á kúkú ti mọ̀ ọ́n, na fóònù ẹ̀ sí mi lẹ́yìn ìsìn pé ‘Ìyá Àkànní, ẹ wá wo ọmọ yín.’ Mo wò ó. Ìwọ ni lóòótọ́. Gbogbo ara ẹ tutù, ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ẹ láyà, o dúró sí ẹ̀gbẹ́ kànga kan nínú tẹ́ḿpìlì kan, ọkùnrin kan gbé korobá sókè orí ẹ, ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Fọ́tò kejì, aṣọ ti gbẹ, wọ́n ti fi eérú fa ìlà mẹ́ta síwájú orí ẹ. A ò kọlà fún ẹ nígbà tí a bí ẹ, India lo wá lọ kọlà. Ẹni tó fi hàn mí ò sọ̀rọ̀ o, ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní ‘ẹ bá a gbàdúrà.’ O mọ irú ‘ẹ bá a gbàdúrà’ yẹn.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní: ṣé o mu nínú omi yẹn?

Mo fi tẹ́ẹ̀sì bi ẹ́, o fi fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mọ́kànlá dá mi lóhùn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Ẹni tí ò ríṣẹ́jú kan pe ìyá ẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀kan nílé ìdáná, ẹ̀ẹ̀kẹta lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí bàbá ẹ ti ń hanrun. O sọ nípa ọkọ̀ ojú irin tí ẹ wọ̀ lóru láti Chennai, o sọ pé Rameswaram tí ẹ lọ yẹn, àárín omi ló wà, erékùṣù ni, pé ẹ gba orí afárá kan kọjá, òkun lọ́tùn-ún, òkun lósì, pé ní April 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, àárín ẹ̀ a máa gòkè bí ẹ̀rọ agbéniròkè kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá, pé èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti wà níbẹ̀ látọdún 1914. O sọ gbogbo ẹ̀ tán. O ò sọ bóyá o mu omi.

Owó wo lo sì fi wọkọ̀? Owó họ́sítẹ̀ẹ̀lì tí mo fi ránṣẹ́, àdìrẹ ni mo tà jọ. Aró ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Mi ò ní kí o má gbádùn ayé ẹ o. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, o mọ ìyókù.

Kò burú. Mo gbọ́ ìtàn ọmọ ọba yẹn, Rámà. Pé Ravana ọba Lanka jí ìyàwó ẹ̀ gbé, pé àwọn ọ̀bọ ló bá a to òkúta sínú òkun títí tó fi di ọ̀nà, tó fi kọjá lọ gba ìyàwó ẹ̀ padà, tó sì pa Ravana. Títí dé ibẹ̀, ó yé mi, ìtàn ogun ni. Èyí tí ò jẹ́ kí n sùn ni pé nígbà tó ṣẹ́gun tán tó padà sétí òkun níbẹ̀, kò jó, kò yọ̀, ó ní ẹni tí òun pa yẹn, ìkà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ilé àlùfáà ni, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà lọ́rùn òun, òun ní láti tu Ọlọ́run lójú. Ó wá rán Hanuman, ọ̀bọ tó lágbára jùlọ nínú wọn, pé kó lọ gbé òkúta àdúrà wá láti orí òkè kan tó jìnnà réré lápá àríwá. Hanuman lọ. Kò tètè dé. Àkókò ń lọ. Ni Sita, ìyàwó tí wọ́n jí gbé yẹn, bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ kó iyanrìn etíkun jọ, ó mọ ọ́n, wọ́n bá fi ṣe ètò tán. Ìgbà tí Hanuman máa gbé òkúta dé, wọ́n ti parí. Inú bí i, ó ní òun á fa ti iyanrìn yẹn tu, ó fi ìrù wé e, ó fà á, kò mì.

Rámà ò wá bú u o. Ó ní kí wọ́n gbé òkúta ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iyanrìn, pé títí ayé, ti ẹ̀ ni wọn á máa kọ́kọ́ bọ kí wọ́n tó bọ ti òun. O sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é dòní nìyẹn, ti ẹni tó pẹ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí.

Ibẹ̀ ni mo ti dá fóònù dúró. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ bá ẹ jà ná. O ní kànga méjìlélógún ló wà nínú tẹ́ḿpìlì Rameswaram yẹn, níbi tí òkúta méjèèjì wà, pé ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ nínú òkun kí ẹ tó wọlé, ẹ wá ń ti kànga kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fa omi wọ́n ń dà á lé yín lórí, gbogbo ilẹ̀ tutù, gbọ̀ngán gùn tí ojú ò rí òpin ẹ̀, òpó jàngàn-jangan lọ́tùn-ún lósì. Pé wọ́n ní kànga kọ̀ọ̀kan ló ní adùn tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkun nìyẹn lẹ́bàá ẹ̀. Àkànní, ta ló sọ fún ẹ pé adùn wọn ò jọra? Ṣé wọ́n sọ ọ́ ni àbí o tọ́ ọ wò? Ohun tí mò ń bi ẹ́ láti àárọ̀ nìyẹn. Omi tí wọ́n dà séèyàn lórí, a lè nù ún kúrò. Èyí tó wọnú kì í jáde mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe kọ́ ẹ náà nìyẹn.

Kò tó yẹn, ẹ tún lọ síbi tí ilẹ̀ parí sí, Dhanushkodi. O ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjì dé síbẹ̀ ní December 1964, ní òru, omi òkun dìde, ó gbé ọkọ̀ ojú irin tòun tàwọn èrò inú ẹ̀ lọ, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn, kò sẹ́ni tó yè nínú wọn, ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má gbébẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ lo ti lọ ń ya fọ́tò! Ìwọ tí o ò mọ̀ wẹ̀! Fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì tó wó síbẹ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù, kí n má parọ́, ògiri nìkan ló kù, òrùlé ti lọ, ọ̀run ló kún ibẹ̀. Mo ti tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n tí o bá tún débi omi báyìí láì sọ fún mi, màá wá bá ẹ ní India yẹn.

Mo dúpẹ́ pé nígbà tí wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn ò gbọdọ̀ wọ inú lọ́hùn-ún níbi tí òkúta méjèèjì wà, o dúró, o ò bá wọn jiyàn. Ilé onílé ni. O bọ́ bàtà, o ní ilẹ̀ gbóná bí iná, ó dáa bẹ́ẹ̀.

O ti mọ̀ pé màá bínú lo ṣe mẹ́nu ba Abdul Kalam. Pé ìlú yẹn náà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1931, ọmọ Mùsùlùmí, tó wá di ààrẹ gbogbo India, tí wọ́n sì gbé e padà wálé sin ní 2015. Pé bàbá ẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn tó wá jọ́sìn lọ sí Dhanushkodi, ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ni àlùfáà àgbà tẹ́ḿpìlì. Mo gbọ́ ẹ. O fẹ́ kí n sọ pé kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ ni pé lọ́jọ́ gbogbo, bàbá yẹn gbé olójúbọ lọ, ó gbé wọn bọ̀, tílẹ̀ bá ṣú ó kírun tiẹ̀, ó padà sílé ẹ̀. Ó padà sílé. Ìwọ ńkọ́?

Ẹ̀rù ló ń bà mí, Àkànní. Kì í ṣe ẹ̀rù òrìṣà wọn.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán báyìí, torí tí mo bá dìde níbi yìí mi ò ní lè kọ ọ́ mọ́. O ò bá ìyá mi láyé. Ọlọ́ṣun ni. A kì í sọ ọ́ nílé wa yìí, a máa ń sọ pé ‘màmá àgbà jẹ́ oníwà tútù.’ Ọlọ́ṣun ni wọ́n, idẹ wà lọ́wọ́ wọn láti kékeré títí wọ́n fi kú. Ní 1998 tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ọdún kejì tí mo di àtúnbí nìyẹn, iná ìgbàgbọ́ sì ń jó nínú mi bí iná ọyẹ́. Wọ́n ní kí n bá wọn bu omi Ọ̀ṣun wá. Wọn ò ní kí n bọ nǹkan kan o. Omi lásán. Odò ò jìnnà síwa, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni tí èèyàn ò bá yára. Mo gbé ìgò, mo jáde. Ẹ̀rọ omi tó wà ní ojú títì lọ́hùn-ún ni mo dé. Mo pọn ún síbẹ̀, mo padà, mo ní ‘Ìyá, omi Ọ̀ṣun rè é.’

Wọ́n gbé e mì. Wọ́n kọ́kọ́ fi sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, ‘O mà tètè dé o.’

Kò jùyẹn lọ. Wọn ò bú mi. Ọjọ́ kẹta, wọ́n kú. Bàbá ẹ ò mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ ò mọ̀ ọ́n, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn pé Ọlọ́run fún mi lágbára láti dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

O wá ń sọ fún mi nínú fóìsì nóòtì pé àwọn èèyàn máa ń pọn omi odò Ganga láti Kashi, ìlú kan lápá àríwá India, ó lé ní 2,000 kìlómítà, wọn á gbé e wá sí Rameswaram yẹn kí wọ́n lè dà á sórí òkúta, wọn á tún bu iyanrìn etíkun ibẹ̀ padà lọ sínú Ganga. Nígbà kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín. Èmi, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún ìyá tó bí mi. Hanuman pẹ́ dé torí pé ó lọ síbi tí wọ́n rán an. Èmi tètè dé.

Mi ò sọ pé kí o lọ máa bọ nǹkan o! Má ṣì mí gbọ́. Bíbélì tí mo kó sínú báàgì ẹ, ṣí i. Ìdánwò ẹ ń bọ̀, má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan tún fà ẹ́ lọ síbì kankan títí wàá fi ṣe tán. Owó họ́sítẹ̀ẹ̀lì, sọ èyí tó kù fún mi, màá wá nǹkan ṣe, má lọ yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé lẹ́tà yìí, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo fẹ́ sọ fún ẹ pé kí o sá fún omi olómi.

Lọ́jọ́ Wẹsidé tó kọjá, mo sọ fún bàbá ẹ pé mò ń lọ ra aró. Mo gbé ìgò, mo lọ sódò Ọ̀ṣun. Mi ò tíì dé etí ẹ̀ láti ọdún yẹn. Mo fẹ́ bu díẹ̀ kí n lọ dà á sí orí sàárè màmá àgbà, ìyẹn náà, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é, kí o má bi mí. Omi náà pọ́n, Àkànní. Ó rí bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Àwọn awakùsà góòlù lápá Iléṣà lọ́hùn-ún ló bà á jẹ́, ìjọba pàápàá ti kìlọ̀ látọdún 2022 pé kí èèyàn má mu ún mọ́. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo ní rárá.

Ìgò ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, òfìfo.

Tí o bá mu nínú omi kànga yẹn, sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní lù ẹ́, mi ò ní sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu? Pè mí, má fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí tiwa ni kí o pè, ìyẹn aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tiyín níbẹ̀. Bàbá ẹ á ṣì wà lójú oorun.

Ìyá ẹ ni.