Sí Àdùkẹ́, tó fẹ́ máa jókòó ti aboyún

Ìkéré-Èkìtì

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ Àìkú, pé o fẹ́ di doula, ẹni tó ń jókòó ti aboyún nígbà ìrọbí láti dá a lọ́kàn le. N kò fèsì púpọ̀ torí bàbá rẹ ń yọ etí sí wa, o sì mọ̀ ọ́n: lójú tiẹ̀, ẹni tó ti jáde yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ tí kò mówó wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé aboyún wá nígbà náà, ìyá ọkọ ni o, àbúrò ni o, ìta là ń lé wọn sí. Èmi náà lé wọn. Mo tiẹ̀ pariwo mọ́ obìnrin kan tó ń rọbí pé kó pa ẹnu mọ́, lálẹ́ ọjọ́ tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn mẹ́ta sì ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2018 pé kí aboyún ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí, òun ni mo rántí. Nítorí náà, inú mi dùn sí ohun tí o fẹ́ ṣe ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

Orúkọ doula yẹn ló ṣàjèjì, èdè Gíríìkì ni, ìránṣẹ́bìnrin ló túmọ̀ sí. Àwọn dókítà kan ṣe ìwádìí kan ní Guatemala, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1980. Wọ́n ní kí obìnrin kan tí kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, tí aboyún kò sì mọ̀ rí, jókòó tì í, kó máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Tí a bá pín in dọ́gba, wákàtí 8.8 ni àwọn tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò nílé ìwòsàn kí wọ́n tó bí. Àwọn tó dá wà lo wákàtí 19.3. Àdùkẹ́, obìnrin yẹn kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ìwọ náà kò ní láti dúró dè é.

Ṣùgbọ́n má sáré wọ yàrá ìrọbí. Orí bẹ́ǹṣì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọ ní Adó lọ́jọ́ àyẹ̀wò aboyún, kí o kúnlẹ̀ kí mátíróònù. (Bí kò bá sì jẹ́ ọmọ Èkìtì, rántí "ẹ" o! Àwa tí a ń sọ "ìwọ" fún bàbá àgbà, ará Ìbàdàn á ní wọn ò kọ́ wa nílé.) Bá wọn to káàdì, bá wọn kọrin, gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Jókòó ti àwọn aboyún, kí o sì gbọ́ ju bí o ṣe ń sọ lọ. Kí ìrora tó dé ni kí o ti béèrè oríkì ẹni. Mo ti rí obìnrin tí kò gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń wí mọ́, tó jẹ́ pé nígbà tí ẹnì kan pè é ní Àbẹ̀kẹ́ létí ló tó mí kanlẹ̀.

Tí wọ́n bá wá gbà ọ́ wọlé, ọwọ́ rẹ àti ẹnu rẹ ni irinṣẹ́ rẹ. Fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ dáadáa nígbà tí ìrora bá ń bọ̀. Jẹ́ kó rìn, jẹ́ kó kúnlẹ̀, fún un lómi, rán an létí kó tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún a máa dí ọmọ lọ́nà. Kò sí àyẹ̀wò nínú iṣẹ́ rẹ, kò sí oògùn, kò sí àgbo, ìwọ kọ́ lo máa ní kó tì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn tó bí, nọ́ọ̀sì ni kí o ké sí kí o tó ké sí ẹnikẹ́ni. Fóònù rẹ, inú báàgì. Kò sí fọ́tò, kò sí ọ̀rọ̀ orí WhatsApp.

Ọjọ́ kan á wà tí ọmọ kò ní ké. N kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn nínú lẹ́tà. Má sọ fún ìyá náà pé òmíràn ń bọ̀. Jókòó tì í ni. Tó o bá kúrò níbẹ̀, pè mí, kódà bó jẹ́ aago méjì òru.

Ní ìwé kékeré kan. Kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tó o ṣe àti èyí tó o ṣì ṣe, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Tó o bá lọ kọ́ iṣẹ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni á béèrè ìbímọ mélòó lo ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ sì tó. Tí wọ́n bá ti ń rán ọ lọ ra ẹ̀kọ lójoojúmọ́, o ti di ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn, wá ibòmíràn. Owó ọkọ̀ rẹ wà lọ́wọ́ mi, má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́.

Ìyàwó tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ti wọ oṣù kẹjọ, ọkọ rẹ̀ sì wà l'Ékòó. Mo ti bi í, ó ní kó o máa bọ̀. Mo mọ oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ fún ọ. Wá ní Sátidé, kí o béèrè lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Èmi ni,
Yèyé rẹ