Má Tí ì Gba Búrẹ́dì Lọ́wọ́ Ọmọ Náà

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ wa. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ní àkàtúnkà kí n tó mú kálàmù, nítorí pé ọ̀rọ̀ àìlera ọmọdé kì í ṣe èyí tí à ń fi ìkánjú dáhùn. O ní ìgbẹ́ gbuuru ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, pé ikùn rẹ̀ ń yọ síwájú bí apá àti itan rẹ̀ ti ń tínrín, àti pé ìyá ọkọ rẹ ti ní kí o gba búrẹ́dì àti bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ìyá fura dáadáa, bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tí ì gbà á. Bí ó bá jẹ́ àrùn coeliac ni ó ń bá ọmọ náà fínra, ìgbà tí ó ṣì ń jẹ búrẹ́dì ni àyẹ̀wò lè rí i mú.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èròjà kan wà nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, àti nínú báálì àti ráì, tí wọ́n ń pè ní gluten. Bí ó bá ti wọ inú ẹni tí ó ní àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, yóò kọjú ìjà sí ìfun kékeré ẹni náà fúnra rẹ̀. Ara ògiri ìfun yìí ní àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n dúró bí irun ara táwẹ́ẹ̀lì, àwọn ni wọ́n sì ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjà náà bá pẹ́, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí yóò run tán, ògiri ìfun yóò tẹ́jú, ọmọ yóò máa jẹun, oúnjẹ náà kò sì ní í hàn lára rẹ̀. Kì í ṣe àìmọ́tótó ni ó ń fà á, kì í sì í ṣe àlejì tí ń mú kí ara lé tàbí kí èémí há lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣọṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, nínú ènìyàn 100, ó máa ń tó ẹnì kan tí ó ní i, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Lára ọmọ kékeré, láàárín oṣù 6 sí ọdún 2 ni ó sábà máa ń fojú hàn, lẹ́yìn tí gluten bá ti wà nínú oúnjẹ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bọ́ aṣọ ọmọ náà, kí o sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni ikùn rẹ̀ máa ń yọ díẹ̀, nítorí náà ikùn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìdí àti itan ni kí o wò mọ́ ọn. Bí ìdí bá ti tẹ́, tí awọ rẹ̀ sì hun jọ nítorí pé ẹran abẹ́ rẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ikùn àyó. Ìgbẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá, ọ̀rá máa ń hàn lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn kan a máa bì, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní í yàgbẹ́ gbuuru rárá, kàkà bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ kò ní í jáde, èyí sì máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, ìwà ọmọ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá, nítorí pé ọmọ tí ó ń ṣeré tẹ́lẹ̀ lè di ẹlẹ́kún, kí ó má fẹ́ kúrò lára ìyá rẹ̀, kí oúnjẹ má sì wù ú mọ́.

Síbẹ̀, ìwé ìwọ̀n rẹ̀ ni mo kà sí jù lọ. Ọmọ tí ó kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìlà rẹ̀ sì ń gòkè déédéé, kò bà mí lẹ́rù. Èyí tí ìlà rẹ̀ ń gòkè dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ó wá dúró gbagidi, tí ó sì ń já sísàlẹ̀ ìlà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí oúnjẹ alálìkámà ti dé, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Mú ìwé náà dání.

Àmì mìíràn tí kò jẹ mọ́ ikùn ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn áyọ́ọ̀nù kò rí yanjú, egbò ẹnu tí ń lọ tí ń bọ̀, àti gíga tí kò pọ̀ sí i mọ́. Àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí: bí òbí tàbí ọmọ ìyá ẹni bá ní i, ó tó ẹnì kan nínú 10 tí òun náà lè ní i. Ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ irú kìn-ín-ní àti àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú Down syndrome, ìyẹn ipò àbímọ́ni tí ń fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn. O ti sọ fún mi rí pé àbúrò ọkọ rẹ ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ láti kékeré. Kò fi dandan túmọ̀ sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n má ṣe gbàgbé láti sọ ọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe ni tTG-IgA, èyí tí ń wá ohun ìjà tí ara ń pèsè nígbà tí ó bá ń bá ara rẹ̀ jà. Ní kí wọ́n wọn àpapọ̀ IgA rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀yà ohun ìjà ara tí àyẹ̀wò náà gbára lé, nítorí pé ara àwọn ọmọ kan kì í pèsè IgA tó, èsì tiwọn a sì jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí èsì bá fi ìlọ́po 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ibi tí ó yẹ kí ó mọ, tí àyẹ̀wò mìíràn tí ń wá irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EMA, nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún gbà sì jẹ́rìí sí i, ìlànà àwọn onímọ̀ ọmọdé ní Yúróòpù gbà pé kò pọn dandan kí wọ́n gé ẹran ìfun wò. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò fún ọmọ náà ní oògùn oorun, wọn yóò sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ gba ẹnu ọmọ náà bọ inú rẹ̀ láti gé ẹran ìfun díẹ̀ wò. Bí o bá ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú, ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, ìfun yóò máa jiná, àyẹ̀wò yóò sì parọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà NICE, àjọ tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ní kí gluten wà nínú oúnjẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú àyẹ̀wò.

Ìfura sí àlìkámà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Willem Dicke, dókítà ọmọdé ní Netherlands, ti ń rò ó láti àwọn ọdún 1930, ọdún 1950 ni ó sì kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní yunifásítì Utrecht. Ṣáájú rẹ̀, onírúurú oúnjẹ ni wọ́n ń dán wò lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn sì ń kú.

Ó lè má jẹ́ coeliac rárá o. Kòkòrò inú ìfun ń fa ìgbẹ́ gbuuru ju èyí lọ, dókítà yóò sì yẹ ìyẹn wò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ bá jìn sínú, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè mu omi, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí èsì bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí oògùn kan tí yóò máa lò. Oúnjẹ tí kò ní gluten ni títí ayé, ara ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré sì máa ń tètè bọ̀ sípò. Kọ̀wé sí mi bí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.